Àwòrán agogo Zygmunt tí Jan Matejko yà: kí ló ń sọ gan-an?

Ayọ̀_Ọ̀dà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwòrán tí Matejko, ayàwòrán ará Póláńdì, yà, níbi tí wọ́n ti ń gbé agogo ńlá tí wọ́n ń pè ní Zygmunt sókè fún kàtídírà Wawel ní ìlú Kraków, ní Póláńdì, ni mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀. Ṣé ayẹyẹ lásán ni, àbí ọ̀rọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀? Kí sì ni apanilẹ́rìn-ín ọba ń wá níbi agogo ṣọ́ọ̀ṣì?

Ilé_Àwòrán: Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹ mú ọdún méjì dání kí ẹ tó wò ó: 1521 tí wọ́n gbé agogo náà kọ́, àti 1874 tí Matejko yà á. Ní 1521, Zygmunt Kìíní ló wà lórí oyè, olorì rẹ̀ ni Bona Sforza láti Ítálì, Póláńdì sì ń gbayì. Ní 1874, kò sí Póláńdì lórí máàpù mọ́. Láti 1795 ni Rọ́ṣíà, Prussia àti Austria ti pín in tán, abẹ́ Austria sì ni Kraków wà. Kàtídírà Wawel ni wọ́n ti máa ń dé ọba ládé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sin wọ́n sí. Ẹni tó bá dúró síwájú àwòrán yìí nígbà náà mọ̀ pé ìjọba yẹn ti lọ, agogo rẹ̀ ṣì ń dún. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni agbára àwòrán náà wà.

Ti apanilẹ́rìn-ín yẹn, Stańczyk: Matejko ti yà á ní 1862, ó jókòó, ó fajú ro lórí ìròyìn pé ìlú Smolensk ti bọ́ lọ́wọ́ Ọba Zygmunt, àwọn ará ààfin sì ń jó nínú yàrá kejì. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí i nínú iṣẹ́ Matejko, òun ló ń ro ọ̀la nígbà tí àwọn yòókù ń yọ̀.

Alágbẹ̀dẹ_Idẹ: Ẹ jẹ́ kí n fi ti agogo kún un. Hans Beham, ará Nuremberg, ló rọ ọ́ ní 1520. Bí ẹ bá ka igi tó gbé e rọ̀ àti irin inú rẹ̀ tó máa ń lù ú kó lè dún mọ́ ọn, ó tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 12,600. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju mítà 2.4 lọ.

Idẹ agogo, bíi ìdá 80 nínú 100 bàbà ni, ìyókù tánganran. Tánganran bá pọ̀ jù, agogo á tètè sán. Bó bá kéré jù, ohùn rẹ̀ ò ní já gaara. Amọ̀ tí wọ́n fi ṣe mọ́ọ̀dì, ìyẹn ohun tí wọ́n ń da idẹ yíyọ́ sí kó lè di agogo, gbọ́dọ̀ gbẹ kanlẹ̀. Bí omi bá ṣẹ́kù síbẹ̀, idẹ gbígbóná á sọ ọ́ di ooru, ooru yẹn á fọ́ mọ́ọ̀dì, tàbí kó fi ihò wínníwínní sára agogo, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Èèyàn 12 ló ń fa okùn rẹ̀. Irin inú ló ń jìyà jù: ó sán lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 2000, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ ní 2001. Agogo fúnra rẹ̀ ṣì ni ti 1520.

Ayọ̀_Ọ̀dà: Ẹ ṣé gan-an. Wọ́n ní ìbọn ńlá tí wọ́n gbà lójú ogun Obertyn ni wọ́n yọ́ fi ṣe é, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Alágbẹ̀dẹ_Idẹ: Rárá o. 1531 ni ogun Obertyn. Agogo ti wà lókè fún ọdún mẹ́wàá.

Ilé_Àwòrán: Ẹ má sì mú àwòrán náà bíi fọ́tò. Ó ju ọdún 350 lọ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà kí Matejko tó yà á, ìtumọ̀ ló fi to àwọn èèyàn inú rẹ̀. Pákó ló fi ọ̀dà òróró yà á sí, 94 sẹ̀ǹtímítà ní gíga, 189 ní fífẹ̀, ó wà ní Mùsíọ́ọ̀mù Orílẹ̀-èdè ní Warsaw. Lórí fóònù, ojú àwọn èèyàn máa ń pòórá; ẹ wá ẹ̀dà tó tóbi, kí ẹ sì máa fẹ̀ ẹ́ wò ní apá kan sí apá kan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi okùn.