Fóò-wíìlì lórí katakata: ṣé ó tó owó tí wọ́n ń pè é, àbí ká ra èyí tí ẹ̀yìn nìkan ń fà?

Olóko_Òkìnní:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi. Òṣogbo ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Òkìnní ni oko ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa wà. A fẹ́ ra katakata tòkunbọ̀ kan, méjì la sì ti lọ wò. Ọ̀kan, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń fà á, táyà iwájú rẹ̀ kéré, 7.50-16 ni wọ́n kọ sí i lára. Èkejì jẹ́ fóò-wíìlì, ìyẹn ni pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà á, táyà iwájú rẹ̀ tóbi, ó sì ní eyín bíi ti ẹ̀yìn. Agbára ẹ́ńjìnnì wọn kò jìnnà síra, 75 sí 85 họ́ọ̀sì páwà. Owó fóò-wíìlì yẹn ló ga ju èkejì lọ dáadáa.

Ilẹ̀ wa, apá òkè jẹ́ yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo la ń gbìn síbẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ jẹ́ àkùrọ̀, omi kì í tètè fà níbẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹ̀fọ́ àti ata ni tiwa níbẹ̀, pẹ̀lú ìrẹsì díẹ̀. Katakata tí a háyà lọ́dún tó kọjá rì sí àkùrọ̀ yìí, àwọn géńdé ló bá wa fà á jáde. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wá ń sọ pé fóò-wíìlì kì í rì. Àwọn mìíràn ní ìnáwó lásán ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti fi méjèèjì ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Awakatakata:
Ẹ kú ètò, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ìtúlẹ̀ ni mo fi ń jẹun. Òkè-Báálẹ̀ ni mò ń gbé katakata sí, mo sì ń tú ilẹ̀ fún oníbàárà láti Ìlobùú títí dé Ìkìrun. Mo ti wa oríṣi méjèèjì. Ẹ ra fóò-wíìlì, nítorí àkùrọ̀ yẹn. Ká ní ilẹ̀ òkè nìkan lẹ ní ni, n kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo abẹ́ táyà. Ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́ ló ń fa pílọ́ọ̀, irin tí a fi ń tú ilẹ̀. Ìwúwo tí katakata fi tẹ ilẹ̀ ló fi ń rí ilẹ̀ dì mú. Èyí tí ẹ̀yìn nìkan ń fà, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwúwo rẹ̀ ló wà lẹ́yìn nígbà iṣẹ́. Ìyókù tó wà níwájú kò fa nǹkan kan, ńṣe ni ẹ̀yìn ń tì í lọ. Tó bá wá dé ilẹ̀ rírọ̀, táyà kékeré yẹn á máa gé ilẹ̀ wọlé, á máa kó erùpẹ̀ jọ síwájú ara rẹ̀, ẹ̀yìn náà ló sì máa ru ẹrù ìyẹn. Fóò-wíìlì sábà máa ń gbé nǹkan bí 40 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ sí iwájú, gbogbo rẹ̀ ló sì ń fà. Táyà iwájú á ti tẹ ojú ilẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ti ẹ̀yìn tó gorí rẹ̀.

Lórí ilẹ̀ gbígbẹ tó le, ìyàtọ̀ wọn kéré. Ẹ fi háró, irin tí a fi ń fọ́ ògúlùtu, wọ ilẹ̀ tí pílọ́ọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dà délẹ̀, ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́.

Ẹ tún lè fi katakata tí ẹ bá háyà dán ilẹ̀ yín wò kí ẹ tó náwó. Ẹ fi ẹfun sàmì sí táyà ẹ̀yìn. Kí pílọ́ọ̀ wà nínú ilẹ̀, kí táyà yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ ri igi mọ́lẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ẹ wá gbé pílọ́ọ̀ sókè, ẹ rìn láti igi dé igi, kí ẹ tún kà á. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ àbọ̀, ìdá 15 nínú 100 ni táyà fi ń yí lásán. 10 sí 15 dára. Bó bá ju 20 lọ, epo dísù àti eyín táyà lẹ ń sun dànù.

Olókè_Ìràgbìjí:
Ẹ kú àlàyé, ọ̀gá awakatakata. Mo fẹ́ sọ tèmi fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó. Ìràgbìjí ni oko mi wà láàárín àpáta, èyí tí ẹ̀yìn nìkan ń fà ni mò ń lò, ó sì ń tó mi. Mo rọ omi sí táyà ẹ̀yìn dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, mo so irin ìwúwo mọ́ iwájú kí imú rẹ̀ má bàa gbéra. Tí táyà kan bá ń yí lásán, mo tẹ díìfù lọ́ọ̀kì kí méjèèjì jọ yí.

Ẹ ro ti kùkùté náà. Fóò-wíìlì ní ṣáàfù, ọ̀pá irin tó ń gbé agbára gba abẹ́ ikùn lọ síwájú, kùkùté sì lè gbá a; ó tún ní síìlì àti bèárì tí èkejì kò ní, owó sì ni gbogbo wọn. Oko tiwa nílẹ̀ yìí kì í tóbi, èyí tí ẹ̀yìn nìkan ń fà sì máa ń kọ́nà nínú àyè tó há.

Ìyá_Onírẹsì:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Fún ìrẹsì tó wà nínú omi gan-an, ẹ wá táyà irin tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn. Fóò-wíìlì nìkan kò tó fún ẹrẹ̀ tó dé orúnkún.

Awakatakata:
Òótọ́ lẹ sọ, màmá. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìràgbìjí náà, n kò bá yín jiyàn lórí omi inú táyà. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní katakata kọ́kọ́ ṣe ìyẹn. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un nítorí òkè yín. Ọ̀pọ̀ katakata, táyà ẹ̀yìn nìkan ni búrèkì ń mú. Bí dírẹ́bà bá ti fi fóò-wíìlì sí i (ó ṣeé fi sí, ó ṣeé yọ), iwájú náà á bá a dúró. Ẹni tó ń fa tírélà ẹ̀gẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú òjò, ẹ̀mí rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Òkìnní, ẹ sọ fún ẹgbẹ́ yín pé fóò-wíìlì máa ń rì. Bí ikùn rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á kàn máa gbẹ́ kòtò ni. Etí àkùrọ̀ ni kí dírẹ́bà ti fi fóò-wíìlì sí i, kó má dúró dìgbà tó bá há.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé katakata tó lè wọlé ń mú kí àwọn èèyàn wọlé kí ilẹ̀ tó gbà. Ẹ bu erùpẹ̀ láti ibi tí dísìkì pílọ́ọ̀ máa jìn dé, ẹ fún un lọ́wọ́. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ tó fọ́, ẹ wọlé. Bó bá ṣì ṣeé yí gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ sí i. Àkùrọ̀ tí katakata bá tẹ̀ ní tútù á dì, gbòǹgbò kò ní lè wọ̀ ọ́, omi náà kò sì ní ráyè fà. Mo ti rí àkùrọ̀ dáadáa tó bàjẹ́ báyìí. Ẹ má jẹ́ kí tiyín rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá ti ń wọlé ní gẹ́rẹ́ tí ilẹ̀ gbà, ẹ̀fọ́ yín á dé ọjà Ìgbọ̀nà nígbà ọyẹ́, nígbà tó wọ́n. Ibẹ̀ ni owó tí ẹ fi kún un ti ń padà wọlé.

Bí ẹ bá padà lọ wò ó, ẹ mú mẹkáníìkì dání. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ di táyà ẹ̀yìn, kí gíà wà nínú rẹ̀, kí fóò-wíìlì wọlé. Ẹ fi jáàkì gbé táyà iwájú kan kúrò nílẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí i. Kò gbọdọ̀ ju mímì díẹ̀ lọ. Bó bá ń yí lọ, nǹkan ti já nínú rẹ̀, fóò-wíìlì orúkọ lásán ni wọ́n ń tà fún yín. Ẹ tún tú nọ́ọ̀tì ọ́ìlì iwájú. Ọ́ìlì tó bá ti funfun bíi wàrà, omi ti wọ inú rẹ̀.

Olóko_Òkìnní:
Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Màá ka gbogbo èyí fún ẹgbẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: táyà iwájú fóò-wíìlì yẹn ti jẹ tán. Ẹni tó ń tà á ní òun máa fi méjì mìíràn tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ òun pààrọ̀ rẹ̀, pé wọ́n fi díẹ̀ tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ. Ṣé ká gbà?

Awakatakata:
Ẹ má gbà á o. Wọ́n ti ṣe táyà iwájú fóò-wíìlì kó máa sáré ju ti ẹ̀yìn lọ díẹ̀, ìdá 1 sí 5 nínú 100, kó lè máa fa imú katakata. Ìwọ̀n táyà iwájú àti ẹ̀yìn ni wọ́n fi ṣírò ìyẹn. Bí ẹ bá yí ti iwájú nìkan padà, iwájú àti ẹ̀yìn á máa bá ara wọn jà, táyà á jẹ kíákíá, gíà inú lọ́hùn-ún á sì gbà nínú rẹ̀. Ìdí kan náà nìyí tí a fi ń yọ fóò-wíìlì bí a bá gun títì ọ̀dà láti Òṣogbo lọ sí Ìkìrun: inú ẹrẹ̀, táyà lè yọ̀ díẹ̀ kí ìjà yẹn tú, títì gbígbẹ kò gbà á láyè.

Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára táyà, kí ẹ fi wé ìwé katakata náà. Bó bá jẹ́ Massey Ferguson (MF) 385, 18.4-30 lẹ́yìn àti 12.4-24 níwájú ló wọ́pọ̀. Kí ẹni tó ń tà á wá méjì tí nọ́ńbà wọn bá ìwé mu, tí eyín méjèèjì sì dọ́gba, tàbí kó yọ owó táyà kúrò nínú iye tó pè é.