Àpótí aago tí bàbá fi sílẹ̀: báwo la ṣe ń díye lé e?

Ọmọ Atìbà:
Ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Aago ọwọ́ mọ́kànlá ló wà nílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ níbí: Seiko mẹ́fà, Casio méjì, "Rolex" kan, méjì tó dà bíi góòlù. Oníbàárà kan fẹ́ dá owó kan lé gbogbo rẹ̀. Kí la máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Aláago Akẹ̀sán:
Ẹ má fọ̀ wọ́n, ẹ má sì gbé wọn fún ẹni tó máa pọ́líìṣì wọn. Pọ́líìṣì a máa jẹ etí irin tó mú títí yóò fi di róbótó, irin tó bá sì ti lọ, ó lọ náà nìyẹn. Ojú aago ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, pẹ̀lú awò kékeré tí àwa aláago ń fi sójú kan. Ohun tó ń tàn lókùnkùn lójú aago àti lára ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ gbó pọ̀ ni. Bí tojú bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí tọwọ́ ṣì funfun báláú, wọ́n ti pààrọ̀ ọwọ́ náà.

Seiko ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Nọ́ńbà mẹ́fà kan wà lẹ́yìn rẹ̀: àkọ́kọ́ ni ìparí ọdún, èkejì ni oṣù. 1 dé 9 wà bẹ́ẹ̀, O ni oṣù kẹwàá, N ni ìkọkànlá, D ni ìkejìlá. 4N, oṣù kọkànlá ọdún tó parí sí 4 nìyẹn. Èwo nínú àwọn ọdún náà? Nọ́ńbà ẹ̀rọ ló ń yanjú ìyẹn. Ọdún 1996 ni ẹ̀rọ 7S26 jáde, torí náà kò lè jẹ́ 1994. 2004 tàbí 2014 ni. Nọ́ńbà ẹ̀rọ yìí tún wà wínníwínní nísàlẹ̀ ojú aago. Bí ẹ̀yìn bá ní 7S26, tí ojú ní 7009, aago méjì ni wọ́n tú so pọ̀. Seiko 5 àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ń dán bí ọ̀dà àná, wọ́n sábà máa ń ti tún un kùn ni. Owó aago tí èèyàn fẹ́ dè ni kí ẹ dá lé e, ẹni tó ń kó aago jọ kò ní sanwó rẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ Wúrà, Ògbómọ̀ṣọ́:
Lórí àwọn méjì tó dà bíi góòlù yẹn, ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára: 750 ni káráàtì 18, 585 ni 14, 375 ni 9. Inú ìdérí ẹ̀yìn ló sábà máa ń wà. Bí wọ́n bá kọ "Stainless Steel Back", ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ń sọ. Wọ́n kàn fi wúrà bo iwájú ni. Ẹ wo ibi tí bẹ́líìtì ti ń họ ọ́, irin ìsàlẹ̀ á ti yọjú. Ẹ yọ ẹ̀rọ àti díńgí kúrò kí ẹ tó wọ̀n ọ́n: gíráàmù 10 káráàtì 18, wúrà inú rẹ̀ kò ju 7.5 lọ.

Rìpíárà Sábó:
"Rolex" yẹn, ọwọ́ tó ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ojúlówó ni mọ́, ayédèrú náà ń lo ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ tú ṣéènì, kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn ní i ní òrùka inú díńgí. Kọ́kọ́rọ́ ìdérí ni kí wọ́n fi ṣí ẹ̀yìn, ẹ má gbà kí wọ́n fi ọ̀bẹ.

Èyí tó ń lo bátìrì, ẹ yọ bátìrì tó ti kú kúrò lónìí. Omi rẹ̀ a máa jò, á jẹ wáyà inú, ara aago nìkan ni yóò kù fún títà. Ẹ má pe 7S26 ní òkú torí pé ẹ yí i tí kò dún: kò ṣeé fọwọ́ yí, ẹ mì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sí èkejì. Ẹ má tún déètì ṣe láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí, eyín déètì lè kán. Bó bá ń sáré ní ìṣẹ́jú púpọ̀ lójúmọ́, ó lè jẹ́ pé mágínẹ́ẹ̀tì spíkà ló ti mú un. Iṣẹ́ kékeré nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí oníbàárà fi gé owó.

Ọmọ Atìbà:
Orúkọ bàbá wà lẹ́yìn ọ̀kan, ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì ni. Ṣé ká pa á rẹ́?

Aláago Akẹ̀sán:
Rárá o! Rolex Daytona tí Paul Newman, òṣèré fíìmù Amẹ́ríkà, lò, tí wọ́n tà ní New York lọ́dún 2017 ní mílíọ̀nù 17.75 dọ́là, ìkọ̀wé ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ bàbá wa kò ní mú irú owó yẹn wá, àmọ́ pípa á rẹ́ á mú ẹ̀yìn náà fẹ́lẹ́, á sì yí i padà kúrò bó ṣe jáde. Ẹ kó ìwé, páálí àti ègé ṣéènì tí bàbá yọ síbi aago tó ni wọ́n, kí ẹ wá dá owó lé mọ́kọ̀ọ̀kànlá níkọ̀ọ̀kan.