Mímí kanlẹ̀: kí ló ń fa òòyì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní mímí kanlẹ̀ dáa fẹ́ni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Kí ló dé tí òòyì fi ń kọ́ni láàárín ìṣẹ́jú 2, tí ìka á dà bíi pé èèrà ń rìn ín?

Èsì 1: Ẹ ti ń yára mí jù ni. Carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, ń jáde ju bó ṣe yẹ lọ, òpójẹ̀ inú ọpọlọ á wá fún. Ẹ gbé ọwọ́ kan lé àyà, èkejì lé ikùn. Ẹ fi imú fà á fún ìṣẹ́jú àáyá 4, kí ọwọ́ ti ikùn nìkan gbéra. Ẹ fi 6 tú u jáde, bí ẹni ń fẹ́ tíì gbígbóná. Ẹ má fà á kún dẹ́nu. Ìṣẹ́jú 5 tó.

Èsì 2: Títú u jáde gan-an niṣẹ́ wà. Ìgbà yẹn ni iṣan vagus, tó ti ọpọlọ lọ sí ọkàn, ń dẹ ọkàn lọ́wọ́. Ẹ fi ìka 2 tẹ ọrùn ọwọ́: bẹ́ ẹ bá ń fà á, lílù ọkàn ń yára, bẹ́ ẹ bá ń tú u, ó ń falẹ̀.

Èsì 3: Díẹ̀ ló ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ o! Ẹ má torí ẹ̀ pa oògùn tì.