"Ìpìlẹ̀" tàbí "àtẹ́sábẹ́": orúkọ wo ló yẹ ohun tó ń wà lábẹ́ táìlì ìloro?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ni kí á máa pe ohun tí àwọn kọ́lékọ́lé Amẹ́ríkà ń pè ní underlayment, ìyẹn ohun tí wọ́n ń fi sáàárín ilẹ̀ onípákó àti táìlì, nínú ìwé ìtọ́sọ́nà tí à ń túmọ̀ fún ẹni tó fẹ́ lẹ táìlì sí ìloro tí ilẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ga jù. Ẹnìkan dábàá "ìpìlẹ̀". Ẹlòmíràn ní "ìtẹ́dìí" ló ṣe wẹ́kú. N kò ní pẹ́ lórí "ìtẹ́dìí", nítorí kò sí òǹkàwé tí kò ní kọ́kọ́ rántí ọmọ ọwọ́.

Ohun tí ó mú mi ta ko "ìpìlẹ̀" ni pé ó ń ṣèlérí ohun tí nǹkan náà kò lè ṣe. Ìpìlẹ̀ ló ń ru ilé, ṣùgbọ́n pákó sìmẹ́ǹtì, ìyẹn underlayment pẹlẹbẹ tí a fi sìmẹ́ǹtì ṣe, tó nípọn ní mìlímítà 6, kò ru ohunkóhun. Bí igi ìdábùú abẹ́ ilẹ̀ bá ń tẹ̀ nígbà tí ènìyàn ń rìn, yóò ṣì máa tẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti kan pákó náà mọ́ ọn, táìlì yóò sì sán. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé lọ́hùn-ún ni pé igi ìdábùú tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 360 kò gbọdọ̀ tẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ kí á tó lè lẹ táìlì alámọ̀ sórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òkúta gidi ni, ìdajì ìyẹn ni. Igi àti plywood orí rẹ̀ ló ń mú ìlànà yìí ṣẹ. Ní Òṣogbo níbí, àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ṣì wà tí ilẹ̀ òkè wọn jẹ́ pákó, ẹni tó ń gbé inú wọn tó bá sì ka "ìpìlẹ̀" yóò rò pé òun ti rí oògùn ilẹ̀ tó ń mì.

Ìdí nìyí tí mo fi dúró lórí "àtẹ́sábẹ́", èyí tí kò sọ ju ibi tí nǹkan náà wà lọ. Àtakò kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni pé kíkàn ni à ń kan pákó, pé ẹní àti aṣọ nìkan ni à ń tẹ́. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ń tẹ́ pẹpẹ, òkúta ni wọ́n sì fi ń tẹ́ ẹ. A ń tẹ́ afárá pẹ̀lú. "Tẹ́" kò mọ sórí ohun rírọ̀.

Irú méjì ló yẹ kí á yà sọ́tọ̀. Mo fara mọ́ "àtẹ́sábẹ́ onísìmẹ́ǹtì" fún pákó náà, mo sì fẹ́ "àtẹ́sábẹ́ oníke" fún èyí tó fẹ́lẹ́, tí kò ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Àwọn kan fẹ́ "aláwọ" fún un, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fi àmì ohùn sí i yóò kà á sí ọ̀rọ̀ nípa àwọ̀. Iṣẹ́ oníke yìí ni láti jẹ́ kí ilẹ̀ onípákó wú lásìkò òjò, kí ó sì sunkì lọ́gbẹlẹ̀, láìfa táìlì tó wà lókè rẹ̀ ya.

Orí gíga gan-an ni ìwé náà dá lé. Ká ní táìlì jẹ́ mìlímítà 8, sìmẹ́ǹtì tí a fi lẹ̀ ẹ́ jẹ́ 3, pákó sìmẹ́ǹtì jẹ́ 6, sìmẹ́ǹtì abẹ́ pákó sì jẹ́ 2: àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 19, èyí tó bá ilẹ̀ onígi yàrá tó kángun sí ìloro náà dọ́gba, nítorí ìwọ̀n yẹn ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń nípọn sí. Pákó tó jẹ́ 12 yóò sọ ọ́ di 25, ilẹ̀kùn yóò sì máa họ táìlì. Oníke yóò dá a padà sí 16. Ọ̀pọ̀ ìloro wa ló jẹ́ kọnkéré, níbi tí bíríkìlà yóò ti gbẹ́ sìkíríìdì àtijọ́ (sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi mú ojú ilẹ̀ tẹ́jú) kúrò tàbí kí wẹ́dà gé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn irin, nítorí náà ó yẹ kí ìtumọ̀ náà sọ gbangba pé ilẹ̀ onípákó ni òun ń bá wí. (Inú mi dùn pé a lo "ìloro", kì í ṣe "ẹnu ọ̀nà", nítorí a kì í lẹ táìlì sí ẹnu.)

Àlàyé tí mo dábàá fún àkójọ ọ̀rọ̀ wa nìyí: "Àtẹ́sábẹ́: ohun pẹlẹbẹ, onísìmẹ́ǹtì tàbí oníke, tí a ń tẹ́ sáàárín ilẹ̀ onípákó àti táìlì; kì í fi agbára kún ilẹ̀ tó ń tẹ̀." Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn nítorí gígùn, kí ó jọ̀wọ́ yọ èyíkéyìí nínú àwọn yòókù dípò rẹ̀.