Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: Kútọnu dé Grand-Popo lọ́jọ́ kan

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Sátidé tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ gbé màmá mi gba etí òkun láti Kútọnu lọ sí Ouidah, ká dé Grand-Popo, ká sì padà wá sùn ní Kútọnu. Ọ̀nà àwọn apẹja tó gba Fidjrossè, àdúgbò kan ní Kútọnu, ni mo fẹ́ tọ̀, kì í ṣe títì ńlá, torí òkun gan-an ni wọ́n fẹ́ máa wò. Nígbà tí mo gbabẹ̀ kẹ́yìn, iyanrìn gbé táyà mi mì dé ìdajì. Imọ̀ àgbọn làwọn ọmọ apẹja tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kó tó jáde. Ṣé wọ́n ti da ọ̀dà sí i dé Ouidah báyìí, àbí kí n yá jíìpù?

Èyí tó jẹ mí lógún jù: orúnkún ń dun màmá, wọn ò lè fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi kìlómítà 4 láti àárín ìlú Ouidah dé Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀, ibi ìrántí àwọn ẹrú tó wà létí òkun. Ṣé ọkọ̀ máa ń dé ìdí rẹ̀? Wọ́n ní àwọn fẹ́ dúró níbẹ̀ gbàdúrà fún àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ.

Mi ò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wa lọ́nà. Aago mélòó ló yẹ ká kúrò ní Grand-Popo? Ẹ sì júwe ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja tútù dáadáa, ẹ jọ̀ọ́.