Píkọ́ọ̀pù oníná tí kò ní rédíò: ta ló máa bá lára mu nínú wa?

Púlọ́ńbà, Houston:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mo ti san $50 láti tò sórí ìlà Slate, píkọ́ọ̀pù oníná kékeré tí wọ́n fi han aráyé ní oṣù kẹrin ọdún 2025, èyí tí Jeff Bezos wà lára àwọn tó fowó sí i. Ìparí ọdún 2026 ni wọ́n ní àwọn á bẹ̀rẹ̀ sí í kó o fún èèyàn. Owó náà ṣeé gbà padà, nítorí náà mi ò tíì wọ gàù. Ìyàwó mi ló ń bá mi jà. Ó ní irú ọkọ̀ wo ló ní ìjókòó méjì péré, tí kò ní rédíò, tí kò ní ojú tẹlifíṣọ̀n níwájú, tí a ó máa fi ọwọ́ yí gíláàsì rẹ̀ bíi Peugeot 504 ayé Ṣàgárì? Kò tilẹ̀ ní ọ̀dà lára. Ike aláwọ̀ eérú ni, ẹni tó bá fẹ́ pupa tàbí búlúù á ra rọ́bà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Èmi ò bá gíláàsì olọ́wọ́ jà o. Ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tí mò ń wà yìí, ẹ̀rọ tó ń gbé gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mi kọṣẹ́ lójú ọ̀nà Beltway 8 nígbà tí òjò ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Gíláàsì wọlẹ̀, ó kọ̀, kò gòkè. Kí n tó dé ilé oníbàárà, etí òsì mi ti kún fún omi, ìwé ìsanwó tí mo kọ sílẹ̀ ti di ẹ̀kọ. Ọ̀pọ̀ owó ni mo ná kí gíláàsì kan ṣoṣo tó padà sókè.

Ẹrù mi náà kò pọ̀. Ó lè ru 1,433 pọ́n-ùn, ẹ̀yìn rẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 5. Wọ́tà hítà á wọlé. Páìpù PVC tí à ń rà, ẹsẹ̀ bàtà 10 ni, ìdajì á yọ síta, màá so aṣọ pupa mọ́ ìdí rẹ̀ bí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni iná. Bátìrì kékeré, tó ń gba iná 52.7 kWh, wọ́n ní á rin 150 máìlì. Ńlá á rin 240. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wa oníná, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe ń ṣe yín?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Chicago:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Àjà kẹta ilé àyágbé ni mò ń gbé. Mo ra ọkọ̀ oníná kékeré kan ní àlòkù, torí pé owó rẹ̀ wọlẹ̀ dáadáa. Nígbà ooru, ayé dùn. Ọsibítù kò jìnnà, mo lè lò ó fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí n tó wá iná kiri.

Òtútù dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Bátìrì kò fẹ́ òtútù rárá, ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná sì ń mu nínú iná kan náà. Ẹ ó kàn máa rí i pé nọ́ńbà ń já lulẹ̀, ẹ ò sì tíì dé ibi kankan. Kò sí sọ́kẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ nílé wa. Lánlọ́ọ̀dù ní òun ò ní fa wáyà fún ẹnì kan ṣoṣo. Bí mo bá jáde iṣẹ́ òru, màá lọ páàkì sẹ́yìn ilé ìtajà kan, kọ́ọ̀tù lọ́rùn, ìbọ̀sẹ̀ méjì lẹ́sẹ̀, màá máa wo ojú ẹ̀rọ: 41, 42, 43. Ẹni tó wà níwájú mi ti sùn. Owó ibẹ̀ sì ju ti iná ilé lọ fíìfíì. Ẹ rántí oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí òtútù burúkú yẹn mú ní ìlú wa níbí: tẹlifíṣọ̀n ń fi ọkọ̀ oníná hàn lórí ìlà níbi ìṣáájì, òmíràn ti kú fin-ín-fin-ín, ọkọ̀ agbọ́kọ̀ ló wá wọ́ ọ lọ.

Mo ti ta tèmi. Kì í ṣe nítorí rédíò o, fóònù mi ló ń kọrin fún mi. Ibi tí ọkọ̀ yẹn á máa sùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Púlọ́ńbà, Houston:
Ẹ ṣé, àǹtí mi. Èmi ní gáréèjì, ilé ara mi ni. Òtútù tiwa kì í pẹ́. Mo ṣírò rẹ̀: bí kWh kan bá jẹ́ sẹ́ńtì 15, láti òfo títí dé kíkún kò ju nǹkan bí $8 lọ. Epo tí mò ń rà báyìí, $8 kò lè gbé mi lọ gbé mi bọ̀ láti Katy.

Oníkánópì, Maryland:
Ọ̀rọ̀ gáréèjì yẹn lògidì. Èmi ń wa oníná láti bí ọdún mẹ́ta, mi ò sì mọ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa ìbẹ̀rù bátìrì. Mo fa wáyà 240 fóltì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, irú èyí tí ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ ń lò. Bí mo bá wọlé, mo ki ẹnu rẹ̀ bọ̀ ọ́, mo lọ jẹun. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti kún. Bí mo bá rìn jìnnà nìkan ni mo máa ń wá ìṣáájì títì, Slate á sì lè lo èyí tí Tesla ń lò. Wọ́n ní láti 20 dé 80 nínú ọgọ́rùn-ún kò ní gbà á tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Síbẹ̀, mi ò ní rà á. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Àga àti kánópì ni mò ń yá àwọn aláríyá. Àga ike tó ń ká, ọ̀kan á tó bíi pọ́n-ùn 10. Ọgọ́rùn-ún àga, 1,000 pọ́n-ùn nìyẹn, ẹ ò tíì gbé irin kánópì, ẹ ò tíì gbé ọmọ iṣẹ́ tó wúwo jù mí lọ. Tréélà kékeré ni mo máa ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Slate kò lè fa ju 1,000 pọ́n-ùn lọ. Ìwúwo tréélà mi lófìfo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo rẹ̀! Tí ayẹyẹ bá wà ní Lanham lọ́sàn-án, tí òmíràn wà ní Baltimore lálẹ́, mo máa tẹ́.

Ẹnì kan lè ní kí n ra kékeré ti àwọn ará Japan. Kò sí níbí. Láti ọdún 1964 ni Amẹ́ríkà ti gbé owó bodè 25% lé píkọ́ọ̀pù tó bá ti òkèèrè wá, nítorí ìjà òwò lórí adìyẹ láàárín wọn àti Yúróòpù. Adìyẹ o! Ìjà adìyẹ ti parí tipẹ́, owó bodè ṣì wà níbẹ̀.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Atlanta:
Ìjókòó méjì. Ọmọ mẹ́ta. Mo ti dáhùn. Wọ́n ní èèyàn lè ra àfikún tó ń sọ ọ́ di jíìpù oníjòókòó márùn-ún, tí ẹ sì lè fi ọwọ́ ara yín tò ó. Ọkọ mi tí kò tíì to bẹ́ẹ̀dì ọmọ tán láti ọdún tó kọjá? Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un.

Ará Ìbàdàn:
Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ kàn ra á, ẹ lò ó dáadáa, a óò pàdé rẹ̀ ní tòkúnbọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, ojú wa ti là. Mo ń kó páálí omi kiri pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, kò ju inú ìgboro lọ, 150 máìlì ti pọ̀ jù fún mi. Ẹ̀rọ iná òòrùn ni mo fi ń tan ilé, ṣùgbọ́n kò lè gbé bátìrì tó tó bẹ́ẹ̀. Pé kò ní ojú tẹlifíṣọ̀n ni mo fẹ́ràn jù. Èyí tó bàjẹ́ lára ọkọ̀ àbúrò mi, ọmọ kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló ti tú u, kò sẹ́ni tó lè tò ó padà.

Púlọ́ńbà, Houston:
Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Nígbà tí wọ́n fi hàn, wọ́n ní kò ní tó $20,000 tí ìjọba bá ti dín $7,500 kúrò. Ìjọba pa ẹ̀dínwó yẹn tì ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹsàn-án 2025, nǹkan bí $25,000 ni ọ̀rọ̀ wá ń lọ. Píkọ́ọ̀pù Ford Maverick sì wà níbẹ̀, epo pọ̀ mọ́ iná, èèyàn márùn-ún, rédíò, ní nǹkan bí $28,000. Bẹ́ẹ̀, $19,995 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2021. Tí ti Slate bá lé ní $26,000, màá gba $50 mi. Tí kò bá lé, màá rà á, ìyàwó mi á máa wa ọkọ̀ tirẹ̀.

Oníkánópì, ẹ jọ̀ọ́ sà, pánẹ́ẹ̀lì iná tèmi, àpótí tí iná ti ń pín wọ inú ilé, wà lódìkejì ilé, ó jìnnà sí gáréèjì. Ṣé wọn á gba owó jù lọ́wọ́ mi?

Oníkánópì, Maryland:
Wáyà yẹn ló ń gówó, kì í ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ pe oníṣẹ́ iná méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n wá wò ó kẹ́ ẹ tó sọ iye. Ẹ̀yin náà ṣáà ń ṣe púlọ́ńbà, ẹ mọ bí a ṣe ń dá iye.