Èèrà onírun àrán: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá a pàdé, kí lẹ fi dá a mọ̀?

Akókòkòròjọ: Mo rí ọ̀kan tí kò ní ìyẹ́, irun pupa àti dúdú bò ó bí aṣọ àrán, ó ń sáré kiri lórí iyanrìn. Lọ́jọ́ náà mo rí òmíràn tó ní ìyẹ́ dúdú, ó ń mu omi òdòdó. Àpótí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo kó wọn sí, mo kọ ọ́ pé irú méjì ni. Àfìgbà tí mo bá akọ lórí abo ni mo tó mọ̀ pé tọkọtaya ni wọ́n! Kí lẹ̀yin fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀?

Adúláwò: Èèrà ni. Ṣebí ilẹ̀ ló ń rìn.

ÌyáOnísùúrù: Agbọ́n ni o. Ìwo èèrà ṣẹ́ bí ìgúnpá, tiẹ̀ kò ṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Abo ni kì í ní ìyẹ́.

Arìnrìnoko: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo rò pé òwú pupa ló já bọ́ sílẹ̀, mo ṣà á. Ó dún fín-ín-fín-ín láàárín ìka mi, kí n tó jù ú nù ó ti ta mí. Mo jókòó sílẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi. Ẹ rántí pé mo ti bímọ méjì o.

Adúláwò: Ó dún kẹ̀? Ó dáa, mo gbà.

Ọmọ_Ọdẹ: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ṣé òun ni wọ́n ń pè ní apamàlúù?

ÌyáOnísùúrù: Òun ni. Irú kan ní Amẹ́ríkà, Dasymutilla occidentalis, ló ni orúkọ yẹn, àmọ́ kò pa màlúù kankan. Justin Schmidt, tó fi 1 dé 4 díwọ̀n ìrora ìtani kòkòrò, fún èèrà àrán ní 3, ó fún oyin ní 2. Abo nìkan ló ń ta, akọ kò lè ta ẹnikẹ́ni.

Ọmọ_Ọdẹ: Ara rẹ̀ le! Abẹ́rẹ́ tí mo fẹ́ fi kàn án mọ́ pákó, ṣe ló tẹ̀.

Arìnrìnoko: Èmi náà! Abẹ́rẹ́ méjì.

Akókòkòròjọ: Ẹ dákun, àwọ̀ irun wọn ńkọ́?

ÌyáOnísùúrù: Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀. Àwọn irú tó ń gbé àgbègbè kan náà máa ń wọ àwọ̀ kan náà, kí ẹyẹ àti aláǹgbá tí ọ̀kan bá ti ta lè sá fún gbogbo wọn. Ìwo ni kẹ́ ẹ kà: oríkèé 12 ni tabo, 13 ni takọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ikùn, ní oríkèé kejì, ẹ ó rí ìlà irun tẹ́ẹ́rẹ́ tó dì pọ̀.

Adúláwò: Eléyìí tó funfun bí òwú ńkọ́? Wọ́n ní ó ń fara wé èso igi inú aginjù.

Ọmọ_Ọdẹ: Dasymutilla gloriosa nìyẹn, irú èèrà àrán mìíràn. Wọ́n ti já irọ́ yẹn. Irun funfun rẹ̀ ti wà kí igi náà tó dé aginjù ọ̀hún. Ooru ló ń fi irun náà lé.

Adúláwò: Ó jọ èso yẹn jù, n kò gbà.

Ọmọ_Ọdẹ: Kí ló fẹ́ fara wé nígbà tí igi ò tíì dé?

Akókòkòròjọ: Mo ti kà wọ́n tán o. Ọ̀kan nínú àwọn tí kò ní ìyẹ́, oríkèé 13 ni ìwo rẹ̀ ní!

ÌyáOnísùúrù: Ẹ tún un kà. Irú díẹ̀ wà tí akọ wọn náà kì í ní ìyẹ́. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ wá kíá.